Bọ́ọ̀sì di ilé, òkè di ìran: Ìrìn-àjò olówó pọ́ọ́kú láti Aswani dé Olúmirìn, Ìkọ́gosì àti Ìdànrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí kò bá tíì dé oko bàbá ẹlòmíràn ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò Aswani, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, mu. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ọ̀nà márosẹ̀ Oṣòdì sí Àpápá ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo ọkọ̀ kì í sì í dáwọ́ dúró tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá dárúkọ òkè, afárá ni ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ́kọ́ rántí. Bí wọ́n bá sì dárúkọ adágún, omi tó dúró sójú títì lẹ́yìn òjò ni. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jáde ní Aswani ní ìdájí lè dé ẹsẹ̀ òkè Ìdànrè tàbí abẹ́ omi Olúmirìn kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Owó ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó bá fẹ́ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n sì tún ń wọ ọkọ̀ èrò láti ìlú kan sí òmíràn, yóò ná owó tó lè jẹ èrè oṣù kan lọ́wọ́ oníṣòwò kékeré. Àmọ́ ọgbọ́n kan wà tí àwọn ará òkè òkun ti ń dá fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún: kí ọkọ̀ tí èèyàn ń gùn náà jẹ́ ilé tí yóò sùn sí. Wọn a yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, wọn a tẹ́ fóòmù, wọn a gbé ààrò kékeré àti kẹ́ẹ̀gì omi sínú rẹ̀, wọn a sì máa bá òkè àti adágún lọ. Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, bí ẹni tó fẹ́ rìn ín bá mọ ọ̀nà, tó mọ ìṣirò, tó sì mọ ohun tó lè gbẹ̀mí èèyàn lójú ọ̀nà.

Ibi tí bọ́ọ̀sì náà ti wá

Ilé iṣẹ́ Volkswagen ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì kékeré onígun mẹ́rin ní oṣù kẹta ọdún 1950. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń mú un tutù dípò omi. Kò pẹ́ rárá tí ilé iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, Westfalia, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpótí tó ní ibùsùn àti àyè ìdáná tí wọ́n ń gbé sínú bọ́ọ̀sì náà. Ọdún 1951 ni àkọ́kọ́ jáde. Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀sì tí èèyàn lè sùn sí ti di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó púpọ̀ fi ń wo ayé.

Ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni àwọn ará Èkó fi bọ́ọ̀sì náà ṣe. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n fa ìlà dúdú sí i lára, wọ́n kan àga onígi sí i nínú, wọ́n sì sọ ọ́ ní dáńfó. Èyí tó jẹ́ ilé ìgbafẹ́ lọ́dọ̀ àwọn kan di ohun èlò oúnjẹ òòjọ́ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ẹni tó bá rí i bí wọ́n ṣe ń kó èrò méjìdínlógún sínú rẹ̀ ní Oṣòdì kò ní rò ó pé èèyàn mẹ́rin lè nà tàntàn síbẹ̀ kí wọ́n sùn mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, bí wọ́n bá yọ àga rẹ̀ kúrò.

Àwọn tó ti rìn ín rí

Ìrìn-àjò ojú títì kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ọlábísí Àjàlá ni orúkọ tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lẹ́nu. Ní ọdún 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni ó fi alùpùpù Vespa rìn kiri ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ìwé tó kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1963. Ìlú Èkó ló kú sí ní ọdún 1999, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹni tí kì í gbélé ni Yorùbá ń pè ní Àjàlá.

Ní ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti London wá sí Èkó láti fi wá owó fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ó kúrò ní London ní oṣù kẹrin, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Pẹ̀lúmi Nubi wa ọkọ̀ Peugeot 107 kékeré láti London bọ̀ wá sí Èkó. Ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ló gbéra, ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ló sì dé. Ó ti tún inú ọkọ̀ náà ṣe kó lè máa sùn sí i. Ìjàǹbá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i ní Côte d'Ivoire fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìrìn náà dúró, ṣùgbọ́n ó tún ọkọ̀ ṣe, ó sì ń bá a lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ tóbi kó tó di ilé. Ìpalẹ̀mọ́ ló ṣe pàtàkì.

Aswani àti Ládípọ̀ ni ìpalẹ̀mọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un ni wọ́n fi ń pe àdúgbò Aswani. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyẹn Túsìdeè, ni ọjà rẹ̀ máa ń kún jù, òkìrìkà sì ni òpó ọjà náà. Àwọn tó ń ra aṣọ tà ní ọjà mìíràn a ti dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọjọ́ ọjà yìí ló tún fún oníṣòwò Aswani ní àǹfààní ìrìn-àjò: ẹni tó bá ta ọjà tirẹ̀ tán ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè gbéra ní ìdájí Ọjọ́rú, kó rin ìrìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó sì ti padà sílé ní ọjọ́ Àìkú láìpàdánù ọjà tó ń bọ̀.

Ohun tí bọ́ọ̀sì ibùsùn nílò pọ̀ ní ọjà náà. Búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, aṣọ òtútù, kọ́tìnnì tí wọ́n máa fi bo fèrèsé àti aṣọ ibùsùn wà nínú ẹrù òkìrìkà. Kí ẹni tó bá rà wọ́n rí i pé òun fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, kó sá wọn sóòrùn, kó sì lọ̀ wọ́n kó tó lò wọ́n, nítorí aṣọ tí kò mọ́ lè ní kòkòrò tó ń fa ara yíyún. Ẹni tó ń gbé Èkó lè máa rò pé aṣọ òtútù kò wúlò. Kó rántí pé bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i: nǹkan bíi ìwọ̀n ooru 6 lórí Celsius ló ń dínkù fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ọyẹ́ bá tún fẹ́ mọ́ ọn, òru orí òkè Ìdànrè kì í ṣe ohun à ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì kojú.

Ọjà Ládípọ̀, tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ tòkunbọ̀, kò jìnnà sí Aswani. Níbẹ̀ ni ìgboyà àti ìkíyèsára ti ní láti rìn pọ̀. Ẹ́ńjìnì àlòkù lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n táyà àlòkù yàtọ̀. Lára táyà tí wọ́n ṣe láti ọdún 2000 ni nọ́ńbà mẹ́rin kan wà. Méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é nínú ọdún, méjì tó kẹ́yìn ń sọ ọdún náà. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni. Rọ́bà táyà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó kù, kó dín in kù lára kọ́tìnnì àti fóòmù; kó má ṣe dín in kù lára táyà àti bíréèkì.

Ọ̀nà Ìbàdàn: Adágún Aṣéjìrẹ́ àti omi Olúmirìn

Ọ̀nà tó dùn jù láti rìn yípo ni èyí tó gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ, tó sì gba Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ padà. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, tó nǹkan bíi 130 kìlómítà. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Ìbàdàn tó dorí kọ Ifẹ̀, yóò pàdé adágún Aṣéjìrẹ́. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbẹ̀ láti máa fi fún Ìbàdàn ní omi mímu. Afárá ọ̀nà kọjá lórí omi náà, ojú sì ń rí i láti inú ọkọ̀. Ẹja tútù àti ẹja yíyan tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀ lè jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán láìná owó púpọ̀.

Lẹ́yìn Iléṣà, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni omi Olúmirìn ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Ìpele méje ni omi náà ní. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ìpele àkọ́kọ́ àti èkejì, nítorí bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni ọ̀nà ń le sí i, tí òkúta sì ń yọ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akinlà, tó jẹ́ ọmọ ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ ṣalábàápàdé omi náà nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí.

Ìgbà tí èèyàn bá lọ ṣe pàtàkì. Láti oṣù keje dé oṣù kẹwàá ni omi ń pọ̀ jù, tí ariwo rẹ̀ ń dún láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni òkúta ń yọ̀ jù. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ọ̀nà gbẹ, ó sì rọrùn láti gùn, ṣùgbọ́n omi dínkù, eruku ọyẹ́ sì lè bo ojú òkè débi pé èèyàn kò ní rí ọ̀nà jíjìn. Ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ló wà láàárín méjèèjì: òjò ti ń lọ, ọyẹ́ kò tíì dé, ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Ìkọ́gosì àti Àrìnta: Omi méjì tó pàdé

Láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà tó gba Ìtáwùrẹ́ wọ ilẹ̀ Èkìtì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sì tò lọ bí ẹ̀yìn ẹṣin. Ìkọ́gosì-Èkìtì ni ìsun omi gbígbóná àti ìsun omi tútù ti jáde láti ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ṣàn wá pàdé ní ojú kan. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ inú èyí tó tutù, kó sì ki ìkejì bọ inú èyí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ohun tó fa èyí kò ju pé omi òjò tó rì wọ inú ilẹ̀ lọ jinlẹ̀ gan-an ní ọ̀nà kan. Bí omi bá ṣe ń rì ni ó ń bá ilẹ̀ tó gbóná sí i pàdé, yóò sì gba ibi tí àpáta ti sán padà wá sókè kó tó ráyè tutù. Èyí tí kò rì jìnnà ló jáde ní tútù. Kò sí iná lábẹ́ ilẹ̀ Ìkọ́gosì, kò sì sí òkè tó ń tú iná jáde nítòsí.

Ìpólé-Ìlórò, tí omi Àrìnta ti ń já láti orí àpáta, kò jìnnà sí Ìkọ́gosì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ owó ná lè wo méjèèjì lọ́jọ́ kan, kó sì sùn ní alẹ́ kan ṣoṣo ní agbègbè náà.

Ìdànrè: Ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè

Ìdànrè, tí kò ju nǹkan bíi 25 kìlómítà sí Àkúrẹ́, ni adé ìrìn-àjò náà. Àwọn àpáta rẹ̀ ga dé nǹkan bíi 900 mítà ju ojú òkun lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé irú àpáta bẹ́ẹ̀ ti tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún. Abẹ́ ilẹ̀ ni òkúta yíyọ́ ti rọra tutù tó sì di líle. Òjò àti ọ̀gbàrá ló wá fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kó ilẹ̀ tó bò ó lórí lọ, títí àpáta fi yọrí síta bí orí apárí.

Orí òkè náà ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ìran, níbi tí ọ̀tá kò ti lè rọ́wọ́ tó wọn. Nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà lónìí. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ni àlejò yóò gùn kó tó dé ìlú àtijọ́, àwọn ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ààfin àtijọ́ wà, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ìgbà ìjọba òyìnbó. Láti ọdún 2007 ni òkè Ìdànrè ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Kí arìnrìn-àjò gun òkè náà ní kùtùkùtù, kó gbé omi dání, kó má sì lọ láìsí afinimọ̀nà. Àwọn ibi kan lórí òkè jẹ́ ibi ọ̀wọ̀ fún àwọn onílé, afinimọ̀nà ló sì mọ ibi tí àlejò lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ ya àwòrán.

Bí àyè kò bá gba ìrìn gígùn: Abẹ́òkúta àti Adó-Àwáyè

Ẹni tó jẹ́ ọjọ́ méjì péré ló ní lè gba ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí kò ju nǹkan bíi 100 kìlómítà sí Èkó. Òkúta Olúmọ, tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí abẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi ọdún 1830, wà láàárín ìlú. Ìwọ̀ oòrùn àríwá Abẹ́òkúta ni adágún Ọ̀yán wà, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ ará Aswani ni kò mọ̀ pé adágún náà wà lára ohun tí wọ́n ṣe kí omi ẹ̀rọ lè dé Èkó.

Síwájú sí i ni Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lórí òkè ìlú náà ni adágún Ìyàkẹ́ wà, tí àwọn ará ibẹ̀ sọ pé kì í gbẹ. Adágún orí òkè ṣọ̀wọ́n, òun náà ni àwọn èèyàn sì fi ń ṣàkàwé adágún Hanging Lake tó wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Àtẹ̀gùn ju 300 lọ kí èèyàn tó dókè, òkúta Ìṣàgè tó dúró ṣánṣán lórí àpáta sì wà lára ohun ìwòran ibẹ̀.

Ìṣirò owó

Ìrìn yípo láti Aswani dé Ìdànrè padà lè gba nǹkan bíi 700 kìlómítà, bí èèyàn bá ka yíyà sí ọ̀tún àti yíyà sí òsì mọ́ ọn. Bí bọ́ọ̀sì bá ń jẹ lítà 12 nínú 100 kìlómítà, lítà 84 ni yóò jẹ. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà ní Èkó, epo ìrìn náà kò sì ní tó 17,000 náírà. Nígbà tí lítà kan kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, epo kan náà ti kọjá 84,000 náírà. Ìdí nìyí tí kò fi bójú mu kí èèyàn kan tàbí méjì nìkan gbé bọ́ọ̀sì. Bí èèyàn mẹ́fà bá pín in, lítà 14 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, iye yòówù tí wọ́n bá ń ta epo lọ́jọ́ náà.

Ohun kejì tó ń jẹ owó ni ibùsùn, òun sì ni bọ́ọ̀sì gbà sílẹ̀. Àmọ́ kò yẹ kí èèyàn páàkì sẹ́bàá ọ̀nà tàbí sínú igbó kó sùn. Ọgbà ilé ìtura kékeré, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, tàbí iwájú ilé baálẹ̀ ló dára. Kí àwọn arìnrìn-àjò tètè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n kí àwọn àgbà ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ti wá, kí wọ́n sì tọrọ àyè. Àlejò tó bá kúnlẹ̀ kí baálẹ̀ nírọ̀lẹ́ ti rí ọ̀pọ̀ ojú tí yóò bá a ṣọ́ ọkọ̀ lóru.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ọkọ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni owó ìbánigbófò tó kéré jù fún ọkọ̀ aládàáni ti di 15,000 náírà láti 5,000. Ẹ̀kẹrin ni owó àbáwọlé àwọn ibi ìgbafẹ́ àti ti afinimọ̀nà. Ó yẹ kí wọ́n tún ya owó kan sọ́tọ̀ fún mẹkáníìkì, kí wọ́n má sì fọwọ́ kàn án bí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́. Oúnjẹ kò le: gààrí, ẹ̀wà, iṣu àti ata díndín láti ilé yóò dín rírà kù lọ́nà.

Ohun tó ń gbẹ̀mí lójú ọ̀nà

Ewu àkọ́kọ́ kò ní ariwo, kò sì ní òórùn. Èéfín olóró tó ń jáde lára ẹ́ńjìnì, jẹnẹrétọ̀ àti èédú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mọ́ra wọn nítorí òtútù, tí wọ́n wá tan ẹ́ńjìnì kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́, tàbí tí wọ́n gbé ààrò èédú sínú ọkọ̀, oorun tí wọ́n bá sùn lè má ní jíjí. Ìta gbangba ni ìdáná gbọ́dọ̀ ti wáyé. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ tí èèyàn sùn sí, fèrèsé méjì sì gbọ́dọ̀ ṣí díẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀n ẹ̀fọn lójú wọn.

Èkejì ni bíréèkì. Awakọ̀ Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nílò ọgbọ́n mìíràn. Bí ó bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò gbóná, omi bíréèkì tó ti gbó yóò sì hó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wá máa tẹ òfìfo. Kí ó fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa dá ọkọ̀ dúró, kí ó sì máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Ohun tí èèyàn bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni omi. Abẹ́ omi tó ń já láti òkè jinlẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ, òjò tó rọ̀ sí orí òkè sì lè sọ omi kékeré di àgbàrá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn nísàlẹ̀. Ọmọ Èkó tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí omi mu ún ní orúnkún. Omi adágún tó dúró sójú kan tún ní ewu tirẹ̀: àwọn olùwádìí ti rí àrùn àtọ̀sí ajá láàárín àwọn ará abúlé etí adágún Ọ̀yán. Ìgbín kékeré inú omi ló ń gbé kòkòrò rẹ̀, kòkòrò náà a sì máa gba awọ ara wọlé bí èèyàn bá wẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ajínigbé. Ìgbòkègbodò wọn ló mú kí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀ oòrùn gúúsù dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ìrìn òru kò dára. Kí ọkọ̀ gbéra lẹ́yìn agogo mẹ́fà àárọ̀, kó sì ti dúró síbi tí yóò sùn kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n pè. Nọ́ńbà 122 ni ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 sì ni ti pàjáwìrì.

Níbi tí yìnyín wà

Ẹni tó bá ti rí òkè àti adágún lè bèèrè yìnyín. Kò sí òkè kan ní Nàìjíríà tó ga tó láti ní in. Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Taraba ló ga jù, 2,419 mítà sì ni. Ní gbogbo Áfíríkà, ibi mẹ́ta péré ni yìnyín ti kó jọ sórí òkè láti ọdún dé ọdún, tó ń rọra wọ́ sísàlẹ̀ bí odò tó dì: Kilimanjaro ní Tanzania, tó ga ní 5,895 mítà, òkè Kenya, àti àwọn òkè Rwenzori láàárín Uganda àti Congo. Ìròyìn tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́ gbé jáde ní ọdún 2021 sọ pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn yọ́ tán ní nǹkan bíi ọdún 2040 sí 2049, nítorí ayé tó ń gbóná sí i.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Calgary àti Edmonton ní Canada sún mọ́ ọn ju ará ilé lọ. Ọ̀nà Icefields Parkway, tó gùn tó nǹkan bíi 230 kìlómítà láàárín Lake Louise àti Jasper, gba àárín òkè, adágún àti yìnyín kọjá. Bí a bá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ibùsùn, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀. Òfin sì wà níbẹ̀: arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ san owó ìwọlé ọgbà ìjọba, ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni ó sì lè sùn sí. Láti ọdún 2023 ni wọn kò ti gba ọkọ̀ aládàáni láàyè mọ́ lọ sí adágún Moraine. Lẹ́bàá yìnyín Athabasca, wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀ láti fi ibi tí yìnyín náà dé ní ọdún kọ̀ọ̀kan hàn. Ó ti fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ láàárín nǹkan bíi 125 ọdún.

Àpáta Ìdànrè kò ní yọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í pẹ́ dàgbà, bọ́ọ̀sì kì í sì í pẹ́ gbó. Ẹni tó bá ń rò ó, kó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì kó yẹ bíréèkì àti táyà rẹ̀ wò, kó fi ọ̀nà Abẹ́òkúta dán ara rẹ̀ wò ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, kó sì kọ gbogbo ohun tó gbàgbé sílé sílẹ̀. Bí ìyẹn bá ti já gaara, ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ló kù.